Yorùbá Ibo Ni Ẹ̀rọ Náà Gbọ́?

Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ kan, tí Orevaoghene Ahia àti Anuoluwapo Aremu wà lára wọn, gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní YORULECT. Yorùbá àjùmọ̀lò wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka-èdè mẹ́ta sì tẹ̀ lé e: Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Wọ́n fi dán àwọn ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè wò, àti àwọn tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń sọ ọ́ di àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń sáré geere lórí Yorùbá àjùmọ̀lò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lórí àwọn mẹ́ta tó kù. Nígbà tí wọ́n wá fi díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè náà kọ́ ọ, ìkọsẹ̀ ọ̀hún dín kù.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Kabba ní Kogi wò ó yóò rí i pé Owé, ẹ̀ka-èdè ìlú náà, kò sí níbẹ̀. Ìyàgbà kò sí. Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ náà kò sí. N kò bá àwọn olùwádìí náà wí, ibi tí apá wọn ká ni wọ́n dé. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí Okun, orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wọn pọ̀, ti ń bọ́ sẹ́yìn nínú ìkàyè: abẹ́ Àríwá ni ìjọba amúnisìn fi í sí, ó bá Kwara lọ, ó sì di ara Kogi ní 1991. Ẹni tó bá ń fi ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ka Yorùbá kò ní kà á mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, láti 1978 ni Akinkugbe, onímọ̀ èdè, ti ya ẹ̀ka-èdè ibẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ tó dá dúró, Ìlà-Oòrùn Àríwá, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá wá sọ pé ẹ̀rọ AI òun gbọ́ Yorùbá, tó sì fi máàkì ìdánwò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ìdánwò wo ló yẹ ká gbà? Ṣé èyí tí gbogbo ayé jọ ń lò ni, tàbí èyí tí àwọn onílé fúnra wọn gbé kalẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ìdánwò gbogbogbò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí àwọn ará Masakhane, ẹgbẹ́ olùwádìí èdè Áfíríkà fún ẹ̀rọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, ìwọ̀nba ni ohun tí ènìyàn lè fi wọn ẹ̀rọ ní Yorùbá. MasakhaNER dé ní 2021, ó ń wò ó bóyá ẹ̀rọ lè dá orúkọ ènìyàn, ìlú àti àjọ mọ̀ nínú ìròyìn èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì wà níbẹ̀. NaijaSenti dé ní 2022, ó ń wò ó bóyá ẹ̀rọ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ orí Twitter ń yìn àti ìgbà tó ń bú. Ní 2023, Meta gbé Belebele jáde, ìdánwò kíka àyọkà: ìbéèrè 900, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, ní oríṣi èdè 122. Torí pé ìbéèrè kan náà ni fún gbogbo èdè, a lè gbé máàkì Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má sì ríbi sá sí. Ìdánwò tí Kabba dá nìkan gbé kalẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó wà ní California kò ní mọ ibi tí yóò gbé èsì rẹ̀ sí.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro fún ará Okun láti dá lóhùn. Bí ọmọ Owé tàbí ọmọ Ìyàgbà bá fẹ́ kọ Yorùbá sílẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ló sábà máa ń kọ. Òun ló wà nínú Bíbélì tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni WAEC ń béèrè. Ní ti ohun tí à ń kọ, ìdánwò gbogbogbò ń wọn Yorùbá tí àwọn náà ń lò.

Àbùkù rẹ̀ wà níbòmíràn. Inú àwọn ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì Wikimedia ni àyọkà tí Belebele ń lò ti wá, títúmọ̀ ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń bá eré orí yìnyín pàdé níbẹ̀. AfriMMLU, ọ̀kan lára ìdánwò inú IrokoBench, àkójọ ìdánwò èdè Áfíríkà ti 2024, ń béèrè òfin àgbáyé àti ètò ọrọ̀ ajé, ó sì tọ́ kí á béèrè wọn ní Yorùbá, ṣùgbọ́n láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà ti wá. Ohun tí ìwádìí IrokoBench yìí rí tún wá fi kún iyèméjì mi: àwọn ẹ̀rọ kan tí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lára ń ṣe dáadáa sí i nígbà tí a bá kọ́kọ́ túmọ̀ ìbéèrè náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Kí ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Máàkì gíga pàápàá lè tanni jẹ. Ní 2018, Suchin Gururangan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú SNLI, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀, níbi tí a ti ń fún ẹ̀rọ ní gbólóhùn méjì kó lè sọ bóyá èkejì bá àkọ́kọ́ mu, ó takò ó, tàbí kò sí èyí tí a lè sọ. Wọ́n fi gbólóhùn àkọ́kọ́ pamọ́ fún ẹ̀rọ. Síbẹ̀ ó gba nǹkan bí 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti kíyè sí i pé níbi tí ọ̀rọ̀ bíi "kò" tàbí "kò sẹ́ni" bá ti wà, àtakò ló sábà máa ń jẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé ṣùgbọ́n tó ti mọ ibi tí olùkọ́ máa ń fi ìdáhùn sí. Ìran ìdánwò yìí náà ni wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá nínú IrokoBench, àlùmọ̀kọ́rọ́yí bẹ́ẹ̀ sì lè bá a wọlé.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí àwọn onílé gbé tiwọn kalẹ̀. Ká ní èmi ni mò ń ṣe é, n óò béèrè nípa aṣọ ipò, aṣọ pupa tí àwọn Bùnú ń hun fún ìsìnkú ènìyàn pàtàkì. N óò béèrè nípa Obaro, Obadofin àti Obajemu, oyè mẹ́ta tó di Kabba mú. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ lè gba òdo nínú ìdánwò yìí, torí ìmọ̀ nípa ìlú ló ń wọn, kì í ṣe èdè. Ẹ̀rọ sì lè gba gbogbo máàkì láìgbọ́ gbólóhùn Bùnú kan. Elisha Renne ti kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti jáde láti 1995. Èmi tí mo fẹ́ gbèjà Okun ni mo wá ṣe ìdánwò tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè dáhùn.

Ká wá ní ẹ̀ka-èdè fúnra rẹ̀ la fẹ́ wọ̀n, báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́? Owé kò ní àkọtọ́ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí. Àgbà méjì, ọ̀kan láti Kabba, ọ̀kan láti Mopa ní Ìyàgbà, lè gbọ́ gbólóhùn kan náà kí wọ́n má fún un ní máàkì kan náà, àwọn méjèèjì á sì jàre. Bí gbólóhùn ọgọ́rùn-ún péré la bá rí kó jọ, ìyàtọ̀ máàkì mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ẹ̀rọ méjì kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Bí a bá sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tuntun yóò ti ka ìbéèrè pẹ̀lú ìdáhùn kó tó jókòó ṣe ìdánwò.

Ní tèmi, bó bá jẹ́ ti ìwé kíkà, mo gba ìdánwò gbogbogbò pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ohùn, n kò gbà á rárá. Ìyá àgbà tó ń ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún fún fóònù kò ní kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ti ìwé. Níbẹ̀ ni ìnáwó Okun ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó máa jà sí àkọtọ́, kí wọ́n sanwó fún ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó fún un ní máàkì, kí wọ́n sì tọ́jú apá kan ìbéèrè sábẹ́ àṣírí. Kí wọ́n kọ èsì Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí n kò fẹ́ rí ni kí wọ́n ro márààrún pọ̀, kí wọ́n pín in sí márùn-ún, kí wọ́n wá kéde pé ẹ̀rọ ti gbọ́ Okun.