Kànga Ilé Wa, Ọ̀rọ̀ Àdúgbò Ni

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé ìlú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀yìnkùlé wa ni mo bá wá. Láti ọdún 1972 ni omi ẹ̀rọ láti Àṣẹ́jìrẹ́ ti ń wọ ìlú yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò ni omi ẹ̀rọ kò dé, ibi tó sì dé, kì í yọ déédéé. Kànga la gbójú lé. Omi tí a fi ń po ògì ọmọ, inú rẹ̀ la ti ń fà á.

Ẹ wo ẹnu kànga yín lónìí. Páànù àlòkù la fi bò ó, tí a gbé òkúta lé. Ìfami wà nílẹ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, adìẹ ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Bí ọmọ bá gbé ìfami náà, inú kànga ló ń jù ú sí, tòun ti ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Ṣìmẹ́ǹtì ẹnu kànga ti sán. Omi ìfọṣọ tí a dà sílẹ̀ ń gba ibẹ̀ padà wọlé. Bí onígbáméjì ṣe ń wọlé wa nìyẹn, kì í ṣe ayé ló ń ṣe wá.

Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó ní kí kànga fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 jìnnà sí ṣaláńgá àti sọ́kàwéè. Ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kọ́lé sí kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn lọ. Ẹni tó gbé sọ́kàwéè lọ sẹ́yìn pátápátá kó lè jìnnà sí kànga tirẹ̀, ẹ̀bá kànga aládùúgbò ló gbẹ́ ẹ sí. Fẹ́ǹsì kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹgbẹ́ onílé ló yẹ kó ṣe òfin rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ sọ́kàwéè láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ ti wo àwọn kànga tó yí i ká. Kí a mọ ẹnu kànga ga, kí a fi ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́ bò ó. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá ti fà, kí a pe agbẹ́kànga kó wá kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Kí a da kílórínì sí i, kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí a fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi mọ́ lójú ni, kì í pa kòkòrò. Omi mímu, ẹ sè é.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnì kankan má gbé jẹnẹrétọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi. Èéfín rẹ̀ kì í ráyè jáde. Ẹni tó wọ ibẹ̀ á dákú, ẹni tó bẹ́ sí i láti yọ ọ́ á tún bá a lọ.

Owó ńkọ́? Kí onílé san ti ríìǹgì ẹnu kànga àti ìdérí, kí ayálégbé dá ti fífọ̀, bí a ṣe ń dá owó iná. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kànga ṣáájú ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ.