Ṣéènì ni kí ẹ wò

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà nílùú Ìsẹ́yìn máa ń kó owó ọ̀sẹ̀ lọ fún ẹni tó ni maṣíìnì. Kí olówó tó gba owó, yóò kọ́kọ́ yí maṣíìnì po. Bí táǹkì bá ń dán, tí mọ́gáàdì mọ́ tónítóní, á ní, "Ọmọ yìí ń tọ́jú nǹkan mi." Bí ẹrẹ̀ pupa bá ti gbẹ mọ́ ọn lára, á fajú ro, á ní ṣé ó fẹ́ ba maṣíìnì òun jẹ́ ni. Ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀. Mẹkáníìkì ni mí. Ọ̀dọ̀ mi ni maṣíìnì tó ń dán àti èyí tí kò dán jọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo sì ń tú inú wọn wò. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ kò bá ìdájọ́ ọjọ́ Àìkú mu rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Torí kí a lè gùn ún la ṣe ra alùpùpù. Ẹni tó bá mọ agbègbè Òkè-Ògùn yìí mọ̀ pé orí títì tí wọ́n tún ṣe láti Mọ́níyà wá sí Ìsẹ́yìn kọ́ ni ọlọ́kadà ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jù. Inú oko ló ń wọ̀. Iṣu ló ń lọ kó, àti ẹ̀gẹ́, àti àpò èédú, àti àgbàdo. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ á mù ún dé orúnkún. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo òun àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ títí kan ìpéǹpéjú. Yóò wọ ìlú nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú maṣíìnì tí ẹ kò ní mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Èmi kò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Iṣẹ́ ló lọ ṣe. Abúlé tí bọ́ọ̀sì kò lè dé, tí aboyún ti ń rọbí lóru, alùpùpù eléruku yẹn ló ń gbé e dé ọsibítù.

Mo ní oníbàárà kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó fi lára owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra alùpùpù Boxer tuntun, inú pálọ̀ ló sì ń gbé e sí. Àràárọ̀ ló ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ọ̀rá tó bá ìjókòó rẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó gbé e jáde. Nígbà tó ránṣẹ́ sí mi pé maṣíìnì kò ṣíná mọ́, mo ti mọ ohun tí màá bá kí n tó débẹ̀. Epo bẹntiróòlù tó bá dúró pẹ́ nínú kabúrétọ̀ máa ń gbẹ, ìdọ̀tí kan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ló sì máa ń kù sílẹ̀, òun ló ń dí ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Bátìrì tí kò rí iṣẹ́ ṣe ti kú. Nínú táǹkì, lókè níbi tí epo kò dé, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà kí n ya ọ̀rá orí ìjókòó. Omi tó ti há sábẹ́ rẹ̀ ti sọ fóòmù di ohun tó ń rùn. Síbẹ̀ ìta rẹ̀ kò ní àlébù kan, mo rí ojú ara mi lára táǹkì. Ẹni tó rò pé nípa àìgùn lòun fi ń tọ́jú maṣíìnì, ó ń bà á jẹ́ ni.

Àwọn bíi ti bàbá yìí kò pọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí jù ni àwọn tó ń gùn ún látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n wá gbà pé ibi ìfọkọ̀ ni ìtọ́jú parí sí. Ẹ dé irú ibẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ó rí wọn. Ọlọ́kadà á dé, ẹ́ńjìnnì á ṣì gbóná janjan, á gbé e dúró, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á mú fóònù. Ọmọ tó ń fọkọ̀ á na ẹnu pọ́ǹpù sí i láti gbogbo ọ̀nà. Omi yẹn lágbára débi pé ó lè bó ọ̀dà. Bí wọ́n bá nà án sí àárín gbùngbùn àgbá táyà, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ló ń gbà wọ inú béárìn, á sì fọ gíríìsì tó wà níbẹ̀ dànù. Ó ń wọ fílítà tí atẹ́gùn ń gbà dé inú ẹ́ńjìnnì. Ó ń wọ ìdérí pílọ́ọ̀gì. Ó ń wọ ibi tí bíréèkì fara pamọ́ sí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gùn ún kúrò níbẹ̀, tó sì ní láti dúró lójijì ní oríta, bíréèkì lè má mú. Ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n dà sí i, tó hó bo gbogbo rẹ̀, ti bá ọ́ìlì ara ṣéènì lọ, kò sì sí ẹni tó fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n ti gbowó, maṣíìnì ń dán, ọlọ́kadà ti bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ti ọ̀kan nínú wọn wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ṣéènì ló já lọ́nà Òkèhò. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé bí ṣéènì bá já, kò ju kí a ra òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ṣéènì tó bá já lórí eré máa ń ká jọ sídìí eyín irin tó wà níwájú, á sì lu ara ẹ́ńjìnnì fọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Ọ́ìlì ti jò tán kí ọmọ náà tó ráyè dúró, Ọlọ́run ló sì yọ ọ́ tí táyà ẹ̀yìn kò há. Sítíkà tuntun wà lára táǹkì, ó so rìbọ́nì mọ́ hándù. Mo mú ṣéènì náà dání: ó gbẹ táútáú, ìpẹtà ti mú un, àwọn oríkèé rẹ̀ kò ká mọ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló wò ó kẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n mà ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ìdáhùn yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, kò sì sí èyí tó ń purọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé ìtọ́jú ni àwọn ń san owó rẹ̀.

Nígbà tí Honda gbé CG125 jáde ní 1976, àwọn tó ṣe é ti kíyè sí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ẹrù àpọ̀jù là ń dì lé alùpùpù, a kì í sì í sábà tún un ṣe. Wọ́n wá fún un ní ẹ́ńjìnnì tó lè fara da ìyà, wọ́n fi kófà bo ṣéènì látòkè délẹ̀ kí eruku àti ẹrẹ̀ má bàa bà á. Ọgbọ́n gidi ni. Boxer tó gbòde lọ́dọ̀ wa báyìí náà ní irú kófà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kófà yẹn kan náà ló jẹ́ kí a gbàgbé pé ṣéènì wà níbẹ̀. Omi pọ́ǹpù ń wọlé, ojú ọlọ́kadà kò wọlé.

Mo ní ẹrẹ̀ kì í ṣe àbùkù. N kò sọ pé kí a fi í sílẹ̀ níbi gbogbo. Ibì kan wà tí ẹrẹ̀ ti ń pa maṣíìnì, kò sì sí olówó tó ń wo ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó tò léra wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní rédíétọ̀ tí omi wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀kadà tí à ń gùn níhìn-ín kò ní. Atẹ́gùn tó ń gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn kọjá ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí ẹrẹ̀ bá dí àárín wọn, tó sì gbẹ síbẹ̀, ooru kò ní rọ́nà jáde. Ọ́ìlì tó wà nínú Boxer kékeré kò ju bíi lítà kan lọ, kò pẹ́ tí yóò fi ṣàn bí omi, tí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, tí èéfín á máa yọ. Ọlọ́kadà á ní epo burúkú ni wọ́n tà fún òun.

Ọkùnrin kan wà tó ń ná ọ̀nà Adó-Àwáyè. Ọ̀dà maṣíìnì rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti fi okùn rán an. Ẹ kò lè rí i níbi ìfọkọ̀ láé. Bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, á gbé korobá omi, àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù jáde síwájú ilé, á jókòó sórí àpótí, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àkísà ló fi ń nu sípókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń ha àárín àwọn irin ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé, ojú rẹ̀ á débẹ̀: nọ́ọ̀tì tó ti ń tú, rọ́bà epo tó ti ń sán, sípókù tó ti ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé e wá, ó fi ìlà kan hàn mí nísàlẹ̀ fírémù, tín-ín-rín bí irun orí. Irin ti ń là. Ẹni tó bá wà lóòró kò lè rí i. Wẹ́dà jó o pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ká ní pọ́ǹpù ni wọ́n fi fọ maṣíìnì yẹn ni, ìlà náà á mọ́, á sì máa là lọ títí ọjọ́ tí wọ́n bá di iṣu lé e lórí. Nínú gbogbo maṣíìnì tó ń wá sọ́dọ̀ mi, tirẹ̀ ni mo lè ní kí ìyàwó mi gùn lóru, kí n sì sùn.

Ohun tí mo ń sọ kò ju ìyẹn lọ: ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ni kó fọ̀ ọ́.

Èrò tí ọlọ́kadà ń gbé náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìlú aṣọ òfì ni Ìsẹ́yìn. Obìnrin tó wọ òfì lọ òde ìyàwó kò yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ọ́ìlì létí ìró. Nítorí náà kí ìjókòó mọ́, kí ibi ìtẹsẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì yọ kófà ṣéènì dànù bí àwọn kan ti ń ṣe. Àràárọ̀ ni ìyẹn, àkísà kan sì tó fún un.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un, máa ń ní kí àwa ọmọọṣẹ́ kó gbogbo irinṣẹ́ jáde lọ́jọ́ ọdún Ògún, kí a nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé obì àti epo wá. Kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kàn da omi lé wọn lórí. Ọjọ́ yẹn la máa ń mọ sípánà tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ àti hámà tí èèkù rẹ̀ ti ń yẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, n kì í bọ Ògún, àmọ́ mo ṣì ń nu irinṣẹ́ mi bí ó ti kọ́ mi.

Àwọn ọlọ́kadà á ní kò sí àyè láti fọwọ́ ara àwọn fọ maṣíìnì. Mo mọ̀. Ẹni tó gba maṣíìnì ní háyà-pọ́ṣéèsì ní iye tó gbọ́dọ̀ san lọ́sẹ̀, bó bá jókòó ti korobá, owó ń kọjá lójú títì. N kò fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n àkókò tó ń lò lórí bẹ́ǹṣì ibi ìfọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì tún ń sanwó lé e. Bí yóò ti fọ̀ ọ́ nìyí: kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù. Omi korobá ni kó lò, kí ọṣẹ má pọ̀. Karosínì díẹ̀ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì la fi ń fọ ṣéènì. A ó nù ún gbẹ, a ó wá máa kán ọ́ìlì sí àwọn oríkèé rẹ̀ bí a ti ń fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ẹni tí ṣéènì gé níka. Kó má sì jẹ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀, á máa ha ohun tí a fẹ́ tọ́jú. Ọ̀pọ̀ àwa mẹkáníìkì ló ń fún àwọn oníbàárà wa torí pé a kò fi owó rà á, ó yẹ ká jáwọ́ ńbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó gùn ún yí àdúgbò po, kó máa fọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ.

Àmọ́ ọlọ́kadà kò ní yí padà bí olówó kò bá yí ohun tó ń wò padà, nítorí ohun tí wọ́n bá ń yìn ín sí ló máa ń ṣe. Ìyá kan wà níhìn-ín tó ń ta èlùbọ́, ó ní maṣíìnì mélòó kan tó fi síta. Ìyá náà kò lè gun alùpùpù. Láti ìgbà tó ti bá mi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n bá kó owó wá, á ní kí ọmọ náà gbé maṣíìnì dúró, kó fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, òun á sì tẹ́tí. Béárìn tó ti gbẹ máa ń ké. Á ní kó ṣí ojú kófà ṣéènì, á ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ìka bá jáde ní gbígbẹ, á ní, "Ọkọ mi, lọ fi ọ́ìlì sí i ná, owó á dúró dè ọ́." Àwọn maṣíìnì rẹ̀ dọ̀tí. Ọ̀kan nínú wọn sì ti wà lójú ọ̀nà ṣáájú gbogbo èyí tí mo ń tún ṣe, a kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin olówó maṣíìnì yòókù, ẹ yọ owó ọ́ìlì kúrò nínú owó ọ̀sẹ̀ kí ọmọ náà tó kà á fún yín. Ẹ bi í pé kí ló rí nígbà tó ń fọ maṣíìnì. Bó bá ní òun rí sípókù tó ṣẹ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ fún un lówó kó gbé e wá.