Kí Ọpẹ́ Wa Má Ṣe Dé Lẹ́yìn Ikú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba Dọ̀pẹmú kọjá ní òwúrọ̀ kò ní ṣàì rí wọn: àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ti ṣe sójà rí, tí wọ́n dúró sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ láti Agége títí dé Ìkẹjà. Bí olè bá ń da àdúgbò láàmú, àwọn náà ni a máa ń sáré pè kí wọ́n bá wa ṣètò ọdẹ òru. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó ti bi wọ́n léèrè ogun tí wọ́n jà rí?

Ìtàn ọmọ Yorùbá kan ni ó mú wa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ará Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni Isaac Fadoyebo. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ sójà ní ọdún 1942, ní àkókò ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà. Wọ́n kó òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáàn jà. Títọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan. Ọta ìbọn ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, òmíràn bà á ní ikùn, òun àti ọmọ Sàró kan, David Kagbo, sì wà nínú igbó láìsí olùrànlọ́wọ́.

Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, ará Rohingya tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó mọ̀ dájú pé bí àwọn ará Jàpáàn bá rí wọn, òun àti ìdílé òun lè bá a lọ. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀.

Fadoyebo padà sílé, ó ń tiro. Ó sin ìlú rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní ìwé tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ dé abúlé Shuyiman. Ó ṣeni láàánú pé olóore náà ti kú. Ìdílé rẹ̀ ni ó gba lẹ́tà náà. Ní ọdún 2012, Fadoyebo pàápàá re ibi àgbà ń rè.

Òkun àti ìjà ni ó dá ọpẹ́ Fadoyebo dúró. Àwa ńkọ́? Kí ni àwíjàre wa, nígbà tí olóore tiwa wà ní ẹnu géètì wa?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, àwọn aláṣẹ a máa gbé òdòdó sí ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìntì tún lọ kóra jọ sí Àbújá láti béèrè owó tí ó tọ́ sí wọn. Kò yẹ kí ẹni tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu máa tọrọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí alágbe.

Àwọn kan yóò wí pé sójà ti fi ìyà jẹ wá nígbà ìjọba ológun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ́párà tí ń ṣí géètì ní Dọ̀pẹmú ni ó gba ìjọba, kò sì bá wọn pín nínú èrè rẹ̀.

Nítorí náà, a rọ ìjọba kí ó san owó ìfẹ̀yìntì lásìkò. A rọ ìjọba ìbílẹ̀ kí ó kọ orúkọ àwọn àgbà wọ̀nyí sílẹ̀, pẹ̀lú ogun tí olúkúlùkù jà àti iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pè wọ́n wá sí ilé ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọ wa lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin onílé iṣẹ́, ẹ san owó tí ó lè gbọ́ bùkátà fún wọn, ẹ sì fún wọn ní àga àti ibòji.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ nígbà tí etí wọn ṣì lè gbọ́ ọ.