Kí A Tó Lọ Dọ̀bálẹ̀ Fún Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan àwa àgbà ju bó ti kan àwọn ọmọ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan ní Kútọnu. Wọ́n ka àpò ìrẹsì, kò pé. Àwọn mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò lẹ́ni tó lè gbèjà rẹ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n mú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mọ̀lẹ́bí ti gbéra láti ilé, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń ṣe é, ẹ ṣàánú wa." Ọ̀gá gbé ìwé kan jáde, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ fọwọ́ sí i, bàbá tẹ̀ka. Ìgbà tí a kà á fún wọn nílé ni wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀: pé ó jalè, pé òun fúnra ẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ìdílé á san owó ìrẹsì.

A ò bá wọn wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: ọmọ dá ọ̀ràn, àgbà bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ ta ló ti wádìí pé ọmọ yìí dá ọ̀ràn? Nílé wa, ẹ̀bẹ̀ la fi ń pẹ̀tù sí inú tó ń bí ènìyàn. Lọ́dọ̀ adájọ́, ẹ̀bẹ̀ tó ti di ìwé lè di ìjẹ́wọ́.

Ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala 17 pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí ilé ẹjọ́ á fi dá a lẹ́bi. Abala 18 ní ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ tì í mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ. Abala yẹn kan náà ló ka ìfìyàjẹni léèwọ̀. Ó lè ní òun fẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì lè ní òun fẹ́ dókítà.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún ní ọ̀nà tirẹ̀, òfin ọdún 1998 àti ti 2017 ló wà fún un. Ọ̀gá tó bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kó sọ ìdí. Òṣìṣẹ́ tí kò bá gbà, Inspection du travail ni kó kọ́kọ́ gbà lọ. Wọ́n á pe òun àti ọ̀gá kí wọ́n jọ sọ ọ́. Bí kò bá yanjú, ó di ilé ẹjọ́ iṣẹ́. Bí kò bá lówó agbẹjọ́rò, ẹni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè bá a dúró. Owó ọjọ́ tó ti ṣiṣẹ́, tiẹ̀ ni, olè ìbáà jẹ́. Ẹ má sì rò pé bí ọlọ́pàá bá ti fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti parí nìyẹn; òun ló máa lọ bèèrè.

Ẹ̀yin olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ti dùn wá jù nìyí. Àwọn ọ̀gá kan ti mọ̀ pé ààfin yá ju kóòtù. Wọ́n á gbé ọmọ wá, a óò ní kó fi Ògún búra, lẹ́yìn náà ìdílé á fọwọ́ sí gbèsè. A ò fojú di Ògún o. Ṣùgbọ́n adájọ́ ò ní ka ìbúra yẹn sí ẹ̀rí pé ọmọ ò mú nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó máa ka ìwé gbèsè.

Ẹni tó bá jí nǹkan lóòótọ́, kó dá a padà. A ò ní kẹ́ni kankan bo olè. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí olóyè àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó gbọ́ Faransé dáadáa, tí ìdílé á pè kí wọ́n tó wọ mọ́tò lọ Kútọnu. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ohun tí wọn ò tíì kà fún un ní Yorùbá.

Ọmọ tí a sọ yẹn, a ti bá a gbé ìwé náà lọ sí Inspection. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún un. Ọ̀gá ní ìwé tó wà lọ́wọ́ òun ti tó. A máa bá a débẹ̀.