Dettol kò lè wo ojú ara aboyún

Bí aboyún bá ṣàkíyèsí pé omi tó ń jáde lójú ara òun ti yí àwọ̀ padà, tó sì ń rùn bí ẹja, ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ni pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣàn ló kó. Ibẹ̀ ni oògùn yóò ti bẹ̀rẹ̀: kí ó jókòó sínú omi Dettol, kí ó fi álọ́ọ̀mù fọ inú, kí ó ra tẹtirasáíkílìn ní kẹ́míìsì. Kò sí èyí tó dára nínú gbogbo rẹ̀. Tẹtirasáíkílìn tilẹ̀ lè ba àwọ̀ eyín ọmọ inú jẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n sì ń dá lẹ́bi kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ojú ara obìnrin ní àwọn kòkòrò tirẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀tá. Lactobacillus ni wọ́n ń pe èyí tó sábà máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, ẹbí kan náà ni pẹ̀lú àwọn tó ń mú ògì kan. Kíkan yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn ráyè. Bí wọ́n bá dínkù, àwọn mìíràn bíi Gardnerella á gbilẹ̀, fífi ọṣẹ tàbí Dettol fọ inú sì wà lára ohun tó ń lé wọn dànù. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò ní rí àmì kankan.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí lè gba ẹnu ilé ọmọ gòkè dé ara àpò omira. Ara á gbógun tì wọ́n, ogun náà sì lè mú kí omira ya tàbí kí obìnrin rọbí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 ọmọ ni wọ́n bí láìpé oṣù ní 2020.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sáré gbé oògùn mì o. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé clindamycin kò dín bíbímọ láìpé oṣù kù fún àwọn aboyún tó ní àrùn yìí, tí wọn kò sì bímọ àìpé oṣù rí. Ẹni tí omi rẹ̀ ń rùn tàbí tó ń ni í lára ni dókítà ń tọ́jú, Flagyl sì wà lára ohun tí ó lè kọ fún un.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọkọ yóò fi bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kó o? Òórùn yìí kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Ti àtọ̀sí àti chlamydia ló yàtọ̀; ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń gbà ranni, tọkọtaya ló sì gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú.

Àwọn agbẹ̀bí náà ní ẹ̀bi tiwọn. Lọ́jọ́ ìpàdé aboyún, wọ́n á ka gbogbo ohun tí aboyún gbọ́dọ̀ rà, títí kan Dettol (ti ìbímọ kọ́ ni ti fífọ inú o), ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n ń pè sẹ́yìn aṣọ ìkélé láti bi í pé irú omi wo ló ń rí? Bí wọ́n bá bi í láàárín èrò, irọ́ ni yóò pa. Ìbéèrè yẹn kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì ju kí wọ́n fi òwú nu díẹ̀ nínú omi náà, kí wọ́n fi maikirosikópù wò ó.