Ẹ fa omi inú ológbò náà kí ẹ tó dárúkọ àrùn

Sí ẹ̀yin dókítà ẹranko wa ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin,

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn, pàápàá pẹ̀lú àwa tí a kì í gbé ẹran wá títí ọ̀rọ̀ á fi burú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bá yín sọ.

Ológbò mi kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ, ikùn nìkan ló ń tóbi. Níbi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní aràn ni, wọ́n fún un lóògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì. Níbi kejì, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí kíìtì kékeré kan, ìlà méjì yọ, wọ́n ní kòróná ológbò ni, FIP (feline infectious peritonitis) ni, kò gbóògùn. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ikú, mo sì fọwọ́ sí i. Títí dòní, mi ò mọ àrùn tó ṣe é, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni tó fi síríńjì fa omi inú ikùn náà wò.

Fáírọ́ọ̀sì kòróná ti ológbò wọ́pọ̀ púpọ̀. Ibi tí ológbò mẹ́rin-márùn-ún bá ti ń yàgbẹ́ sójú kan, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ti kó o. Inú ìfun ló ń gbé, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ju ìgbẹ́ gbuuru lọ. Lára àwọn díẹ̀ ló ti ń yí padà di FIP, àrùn tí dókítà ẹranko Jean Holzworth kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Boston lọ́dún 1963. Ọmọ ogun ara (antibody) ni kíìtì tí wọ́n lò fún ológbò mi yẹn ń wá. Ohun tó lè sọ kò ju pé ológbò náà ti pàdé fáírọ́ọ̀sì yìí rí. Ẹ má fi í dájọ́ ikú mọ́.

Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Rivalta, tí a fi ń yẹ omi ikùn wò, kò ná yín ní nǹkan púpọ̀. Ẹ bu distilled water, irú èyí tí àwọn oníbátìrì ọkọ̀ ń lò, sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kán fínígà funfun ẹyọ kan sí i, ẹ pò ó, kí ẹ sì rọra kán omi ikùn náà lé e. Bó bá tú ká tó pòórá, ó ṣòro kó jẹ́ FIP. Bó bá dì, tó ń rọra rì bí ìkuukùu, ẹ fura sí i gan-an, ṣùgbọ́n ẹ gbé omi náà sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, torí kòkòrò bakitéríà àti jẹjẹrẹ náà lè mú kó dì. Ẹ wọn albumin àti globulin inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú: bí ẹ bá fi globulin pín albumin, tí èsì rẹ̀ ju 0.8 lọ, FIP jìnnà. Bí kò bá tó 0.4, ó ti sún mọ́lé. Irú FIP tí kì í lómi nínú, tó ń mú ojú tàbí ọpọlọ, ló le jù láti mọ̀. Ẹ fi irú ológbò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB) l'Ábẹ́òkúta.

Nígbà kan, òótọ́ ni pé kò gbóògùn. Ní 2019, Niels Pedersen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, Davis, tẹ àbájáde oògùn kan tó ń jẹ́ GS-441524 jáde: nínú ológbò 31 tí wọ́n tọ́jú, 25 ló bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Ó kéré tán, ọjọ́ 84 ni wọ́n ṣètò láti fi lò ó nínú ìwádìí yẹn, owó oògùn náà sì wọ́n. Ta ló máa ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí àrùn tí wọ́n kàn fojú lásán wò?

Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò pé FIP kì í ran ènìyàn, kí wọ́n yé lé ológbò jáde nílé nítorí orúkọ kòróná.

Ẹ̀yin dókítà wa, bí ẹlòmíràn bá gbé ológbò oníkùn wíwú wọlé lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú síríńjì kí ẹ tó mú kíìtì.