Ta Ni Yóò Mú Ọmọ Dé Oko Olóko?

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọmọ tó bá ń fọ́nnu láàárín ẹgbẹ́ ni àwọn àgbà máa ń fi òwe yìí pa lẹ́nu mọ́. Wọ́n á pa á tán, àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ọmọ á sì wábi gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò dáadáa. Láyé àwọn tó pa á, ọmọdé kì í dá gba oko olóko lọ, ẹni tó bá dán an wò, “Olè!” ni wọn yóò ké lé e lórí. Àfi bí baba rẹ̀ bá fẹ́ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna, tàbí tí àáró bá kàn wọ́n lóko ọ̀rẹ́, tí wọ́n wá ní kí ọmọ gbé kèrègbè omi tẹ̀ lé àwọn. Ibẹ̀ ni yóò ti gbójú sókè, tí yóò rí i pé ebè onílé yìí lọ títí, ó yí ẹ̀yìn ọ̀pẹ ká, kò sì tíì tán. Bí ọmọ kan bá wá dàgbà láìrí irú rẹ̀, ta la fẹ́ bá wí? Èmi kò gbà pé ọmọ ni òwe yìí ń bá wí. Ẹni tó yẹ kó mú un lọ, tí kò mú un lọ, ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi bí ìgbà ìrúwé bá ti wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta ni wọ́n máa ń sún aago síwájú níbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀ kì í tètè ṣú mọ́. Dáfódìlì á ti yọ òdòdó yẹ́lò sí etí títì, igi ṣẹ́rì á funfun báláú, àwọn iléèwé á sì gba ọlidé Ọdún Àjíǹde. Ìgbà náà ni àwọn onílẹ̀ máa ń kó ọmọ jáde. Wọ́n á lọ rìn nínú ọgbà òdòdó, wọ́n á yà sí mùsíọ́ọ̀mù bí òjò bá fẹ́ ba ọjọ́ jẹ́, wọ́n á sì jókòó nílé tíì kí wọ́n tó forí lé ilé.

Àwa ńkọ́? Lọ́pọ̀ ilé Yorùbá ní Peckham àti Thamesmead, bí ọlidé bá dé, bàbá á gba ṣíìfù kún ṣíìfù, ìyá á máa sáré òde Sátidé, àwọn ọmọ á ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú fóònù. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Owó ilé wà láti san. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń dí gbogbo ọ̀nà. Ẹni kan lè máa wọ bọ́ọ̀sì 176 kọjá iwájú ọgbà Horniman ní Forest Hill láti ìgbà tó ti dé ìlú ọba, kó má sì wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá bi í, á ní, “Ṣebí tàwọn òyìnbó nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ọgbà náà, ọ̀fẹ́ ni mùsíọ́ọ̀mù inú rẹ̀, àfi àwọn apá díẹ̀ bíi ilé ẹja. Òwe yẹn ti kúrò lórí ọmọdé, ó ti bá àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n.

Oníṣòwò tíì ni Frederick Horniman. Bàbá rẹ̀, John, ló dá òwò náà sílẹ̀ ní 1826. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ta tíì ní wíwọ̀n, tí àwọn aláìṣòótọ́ sì ń po ìdọ̀tí mọ́ ọn, òun di tirẹ̀ sínú pépà, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Owó yìí ni ọmọ fi ń ra ohun àràmàǹdà láti gbogbo ayé títí ilé fi kún. Ní 1890 ó ṣílẹ̀kùn ilé fún ará ìlú. Nígbà tó sì di 1901, ilé tuntun tí Charles Harrison Townsend yàwòrán rẹ̀ dìde síbẹ̀, ó sì fi tilé tọgbà ta àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ. Orí òkè ni ọgbà náà wà, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ nígbà tójú ọjọ́ mọ́, á máa wo àárín ìlú nísàlẹ̀.

Ohun tí àwọn ọmọ máa ń sáré lọ wò níbẹ̀ ni walrus, ẹran omi ńlá eléyín gígùn méjì, tó wá láti Hudson Bay ní Kánádà. Wọ́n ti pàtẹ rẹ̀ ní South Kensington ní 1886 kó tó di ti Horniman. Ẹran náà ti kú, awọ rẹ̀ ni wọ́n ki nǹkan sí kó lè dúró bí alààyè. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ara walrus tó wà láàyè a máa hunjọ, awọ rẹ̀ a máa ṣẹ́po léra wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ki èyí kò rí walrus láàyè rí. Wọ́n rí awọ tó tú, wọ́n rò pé kò tíì kún ni. Ni wọ́n bá ń kì í. Wọ́n kì í, wọ́n kì í, títí gbogbo ìhunjọ fi tán lára rẹ̀, tó kún bámúbámú, tó ń dán gbinrin.

N kò mọ ibòmíràn tí òwe yìí ti di ohun tí a lè fojú rí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe òpè. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, wọ́n sì fara balẹ̀ ṣe é. Oko ẹlòmíràn ni wọn kò dé. Ẹran tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní etí òkun Kánádà mọ̀ bí ẹní mowó, awọ rẹ̀ lásán ló dé ọwọ́ wọn, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n mọ̀ nílé parí ìyókù. Ó wù mí pé àwọn ará mùsíọ́ọ̀mù kò tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un kì. Ẹ mú ọmọ lọ wò ó, kí ẹ má sì tètè sọ àṣírí rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára ẹran náà ná. Ní 2024 wọ́n ti gbọ̀ngàn tí ẹran náà wà pa fún àtúnṣe, nítorí náà kí ẹni tó bá ń lọ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ti ṣí, kí ọmọ má bàa sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tún ṣẹlẹ̀ pé kí ọmọ dé oko olóko, kó sì bá ọkọ́ baba rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Ìbíní lóṣù Kejì 1897 wà nínú ilé Horniman yìí kan náà. Ní oṣù Kọkànlá 2022 ni ilé náà dá ẹ̀tọ́ ìní 72 nínú wọn padà fún Nàìjíríà. Ará Ìbíní kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ará ilé ni wọ́n. Tiwa gan-an wà ní British Museum, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́: orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní Nàìjíríà dòní; èyí dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939.

Bí ẹ bá dúró níwájú orí yìí, ẹ sọ̀rọ̀ Leo Frobenius fún ọmọ. Ará Jámánì ni. Ó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, ó sì kéde pé ìran àwọn ará Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ló fi í sílẹ̀, pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn baba ńlá wa. Èyí ló jẹ́ kí n máa ro òwe yìí lẹ́ẹ̀mejì. Òwe ní kí ọmọ ṣáà dé oko ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ á là. Frobenius dé e. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ebè, ó fọwọ́ kan iṣu, ó sì tún sọ pé oko baba òun ló ti wá. Ẹsẹ̀ nìkan kò tó, àfi bí ojú bá bá a lọ.

Ojú tí mò ń wí yẹn, ìyá kan láti Òǹdó ló fi hàn mí ní Kew, ọgbà ewéko ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ̀ bímọ, ó wá bá wọn tọ́mọ, oṣù Kẹrin ló sì bọ́ sí. Òtútù kò jẹ́ kó gbádùn òdòdó kankan níta, bí wọ́n ṣe ń fi igi ṣẹ́rì hàn án, bẹ́ẹ̀ ló ń fa kóòtù mọ́ra. Nígbà tí wọ́n wọ Palm House, ilé onígíláàsì ńlá tí wọ́n kọ́ parí ní 1848, tí ooru ibẹ̀ máa ń bo gíláàsì ojú èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá bọ́ kóòtù, ó bọ́ súẹ́tà, ó mí kanlẹ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fojú kí igi: ọ̀pẹ rèé, rọ́bà rèé, kọfí rèé. Lójijì ó dúró.

“Ẹ̀yin èèyàn, kòkó!”

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, wo èso tó so mọ́ ara igi, ó ní, “Grandma, ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀! Òun ló rán ìyá rẹ níléèwé.”

Ọmọ wojú ìyá rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ni ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: bí wọ́n ṣe ń já a, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, bí ọmọdé ṣe máa ń mu omi dídùn ara hóró rẹ̀ títí inú á fi máa run wọ́n, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni di àdá mú. Òyìnbó méjì dúró tì í, wọ́n ń fetí sí Yorùbá tí wọn kò gbọ́. Ó sọ ti ìjọba Awólọ́wọ̀ àti ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ó sọ ti Cocoa House tí wọ́n ṣí n’Íbàdàn ní 1965, ilé alájà 26, ó ní èrè oko ló gbé e ró. Kò sí àkọlé tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ igi tó lè sọ ìdajì rẹ̀. Kew kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, ṣùgbọ́n pọ́ùn kan ni ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, Universal Credit, ń san, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀.

Ilé tíì ni àwọn èèyàn wa máa ń fẹ́ fò. “Mo ní jollof nínú kúlà, kí ni mo fẹ́ fowó ra búrẹ́dì kékeré ṣe?” Òtítọ́ ni, ibẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ jollof yín lórí koríko, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ẹ wọlé ra ìkòkò tíì kan pẹ̀lú scone díẹ̀, kí gbogbo yín yí tábìlì ká. Lóko, abẹ́ igi tí wọ́n ti ń sun iṣu jẹ ni ọmọ ti ń béèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe lẹ́nu ebè tí gbogbo èèyàn ti ń làágùn. Ilé tíì ni abẹ́ igi náà níhìn-ín. Ẹsẹ̀ ti ń dun olúkúlùkù, kò sí ohun tuntun láti wò mọ́, ìgbà yẹn ni ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ìdí tí orí Ifẹ̀ kò fi tíì padà sílé. Bàbá tó bá ń wo fóònù nígbà náà ti pàdánù ohun tó sanwó ọkọ̀ wá rà.

Àríyànjiyàn tábìlì náà sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ará Devon ní kírímù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sórí scone, ará Cornwall ní rárá, jáàmù ni, wọ́n sì lè fi ìyẹn bára wọn jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ewé tíì inú ìkòkò tó wà láàárín wọn ńkọ́? Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, kó tó di pé wọ́n gbìn ín ní Íńdíà àti Sri Lanka. Oko olóko ti wà nínú ife wọn tipẹ́.

Ó ku apá kan tí òwe kò sọ, bóyá nítorí pé àwọn tó pa á kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ wà tó jẹ́ oko ẹlòmíràn nìkan ló mọ̀. Ó mọ Kew, ó mọ Horniman, ó lè fi ojú orun júwe walrus. Oko baba tirẹ̀ ni kò dé rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà á ní oko kan ò tó oko kan, ṣùgbọ́n tẹlòmíràn ni yóò máa gbé ga, ti baba rẹ̀ ni yóò máa tijú. Bí a bá sì kó wọn wálé lóṣù Kẹjọ, kí là ń fi hàn wọ́n? Òde ìgbéyàwó, ilé ìtajà ńlá, ilé àǹtí kan sí òmíràn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 2005, kò wọ ètò. Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn tí wọ́n ṣí ní 1957 àti John Randle Centre, ilé tuntun àṣà àti ìtàn Yorùbá tó wà nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó l’Ékòó, ẹni tó wá láti Peckham kò yà. A ní àyè ò sí, a ní ọ̀nà ò dáa. Láti Ìkẹjà dé Oníkàn kì í ṣe ìrìn àjò bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bó bá sì wà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rí òun pẹ̀lú.